Bí Ìwúkàrà Afàrùn Ṣe Ń Pa Jíìnì Lẹ́nu Mọ́ ní Ìparí Kírómósómù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera máa ń tún bi mí léraléra, ni mo bá kó wọn jọ sójú kan. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ta kókó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwúkàrà wo lẹ ń sọ? Ṣé èyí tó ń mú búrẹ́dì wú náà ni?

Ìbátan rẹ̀ ni. Ìwúkàrà jẹ́ ẹ̀yà olú tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dá gbé lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú lásán kò sì lè rí i. Èyí tó ń mú búrẹ́dì wú ni Saccharomyces cerevisiae. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé jù lọ ni Candida glabrata. Ó ń gbé nínú ẹnu àti ìfun ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ara ẹni bá ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, pàápàá tí wọ́n bá ti ki rọ́bà ìtọ̀ tàbí rọ́bà ẹ̀jẹ̀ bọ̀ ọ́ lára, ó lè gba inú àpò ìtọ̀ tàbí inú ẹ̀jẹ̀ kó sì di àìsàn ńlá.

Orúkọ Candida yẹn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Tí a bá wo ìran wọn, C. glabrata sún mọ́ ìwúkàrà búrẹ́dì ju bó ṣe sún mọ́ Candida albicans lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń pè é ní Nakaseomyces glabratus báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ orúkọ rẹ̀ sí ipele kejì nínú àkójọ olú afàrùn tó jáde ní 2022. Glabrata ni màá máa pè é níbí.

Kí ni tẹ́lómíà?

Ìṣẹ́tí aṣọ ni kí ẹ fi wò ó. Aṣọ tí wọn ò bá ṣẹ́tí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti etí. Kírómósómù náà, okùn DNA gígùn ni, ó sì ní etí méjì. Tẹ́lómíà ni ìṣẹ́tí tó wà ní etí kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà DNA péréte kan tí ó ń tún ara rẹ̀ kọ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú àwọn purotéènì tó jókòó lé e. Nínú glabrata, lẹ́tà 16 ni ìwọ̀n ohun tó ń tún ara rẹ̀ kọ yìí. Nínú C. albicans, 23 ni.

Glabrata ní kírómósómù 13, nítorí náà etí 26 ló ní. Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá tẹ́lómíà, kí a tó wọ àárín kírómósómù, ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn jíìnì, ìyẹn abala DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe purotéènì, wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fọhùn.

Kí lẹ pè ní pípa jíìnì lẹ́nu mọ́? Ṣé jíìnì náà ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Lẹ́tà inú rẹ̀ pé, kò sí èyí tó sọnù. Sẹ́ẹ̀lì ni kò ráyè kà á. DNA kì í wà ní ìhòòhò nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó wé mọ́ àwọn purotéènì kan tí à ń pè ní hísítóònì, bí òwú ṣe ń wé mọ́ igi. Bí wíwé náà bá dẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì á wọlé, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá le pinpin, ìta ni ẹ̀rọ náà máa dúró sí.

Sẹ́ẹ̀lì ní oríṣiríṣi ọ̀nà tó ń gbà dá jíìnì dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wo orúkọ: jíìnì báyìí-báyìí, dákẹ́. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìparí kírómósómù kì í wo orúkọ, àdúgbò ló ń wò. Mú jíìnì tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa ní àárín kírómósómù, gbé e lọ sí etí, á dákẹ́. Dá a padà sí àyè rẹ̀, á tún máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí mú ti mú ìdajì gbogbo ohun tó kù.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ mọ̀?

Ọ̀rọ̀ pé àdúgbò lè pa jíìnì lẹ́nu mọ́ ti pẹ́. Hermann Muller ti rí irú rẹ̀ lára eṣinṣin èso ní 1930. Ṣùgbọ́n ti ìparí kírómósómù nínú ìwúkàrà, Daniel Gottschling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1990, nínú ìwúkàrà búrẹ́dì.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò dùn ún wò. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ ADE2. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ìṣù ìwúkàrà tó hù lórí àwo á funfun. Bí kò bá ṣiṣẹ́, nǹkan pupa kan á kó jọ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìṣù náà á sì pọ́n. Wọ́n gbé ADE2 lọ sí ẹ̀bá tẹ́lómíà, wọ́n sì jẹ́ kó hù. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe funfun gédégédé tàbí pupa gédégédé: ìṣù kan náà ló ní apá pupa àti apá funfun, tó là láti àárín dé etí bí ìgbà tí a pín nǹkan sí ìpín-ìpín. DNA kan náà ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì yẹn ní. Sẹ́ẹ̀lì kan ti dákẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ jogún ìdákẹ́ náà. Èkejì ti la ẹnu, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, ọ̀kan lè yí padà sí òdìkejì. Mo ti rí irú àwo yìí níṣojú mi, kò sì sú mi rí.

Àwọn wo gan-an ló ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́?

Purotéènì mẹ́ta, Sir2, Sir3 àti Sir4, ni àwọn òléwájú. Purotéènì mìíràn, Rap1, ló kọ́kọ́ jókòó sórí lẹ́tà tẹ́lómíà, òun ló sì ń pe Sir3 àti Sir4 wá. Sir4 á fa Sir2 dání. Sir2 ni ẹni tó ń lo ọwọ́: ẹ́ńsáìmù ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti já èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ acetyl kúrò lára ìrù hísítóònì, pàápàá ní ojú kẹrìndínlógún lára hísítóònì H4. Acetyl yìí ló ń jẹ́ kí wíwé dẹ̀. Tí ó bá ti kúrò, Sir3 á rí ibi dì mú. Bí Sir3 bá ti dì í mú, á tún pe Sir2 mìíràn wá sí hísítóònì tó kàn, ni ìdákẹ́ náà á bá máa ràn láti etí lọ sí inú bí epo ṣe ń ràn lára aṣọ.

Nínú ìwúkàrà búrẹ́dì, kì í rìn jìnnà kó tó dúró. Nínú glabrata, ó lè rìn kọjá 20,000 lẹ́tà láti ìparí kírómósómù, ìyẹn sì tó láti bo jíìnì mélòó kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn tún wà tó ń bá wọn ṣe é nínú glabrata: Rif1, àti ìbejì kan tó ń jẹ́ yKu70 àti yKu80.

Ẹ fi ọkàn sí nǹkan kan nípa Sir2, torí a óò padà sí i: kò lè já acetyl kúrò lásán. Ó gbọ́dọ̀ ná NAD kan fún acetyl kọ̀ọ̀kan tó bá já. Ọdún 2000 ni èyí hàn kedere. NAD ni èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń darí agbára inú oúnjẹ. Ìdákẹ́ jíìnì, nígbà náà, ń jẹ nínú àpò kan náà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ bùkátà.

Jíìnì wo ló wà níbẹ̀ tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bìkítà?

Àwọn jíìnì EPA. Ohun tí EPA ń ṣe ni purotéènì ìlẹ̀mọ́: ó yọ jáde lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà, ó sì ń di ṣúgà orí sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn mú, pàápàá ṣúgà tí galactose bá parí rẹ̀. Ìwúkàrà tí kò bá rí ibì kankan dì mú, ìtọ̀ tàbí itọ́ á gbé e lọ. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara ló máa dúró, tó máa bí sí i, tó máa tẹ́ ara rẹ̀ bí ìpele yẹ̀tùyẹ̀tù lórí rọ́bà tí wọ́n kì bọ aláìsàn lára.

EPA1 ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ní 1999. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ìlẹ̀mọ́ glabrata mọ́ sẹ́ẹ̀lì awọ inú ara èèyàn dín kù ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwo láàbù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé ìdílé ńlá ni, ó lé ní 20 nínú àwọn ẹ̀yà kan, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló wà ní ìparí kírómósómù. EPA1 ló ń fọhùn láàbù. Àwọn tó kù ti dákẹ́. Tí a bá ba SIR3, jíìnì tó ń ṣe Sir3, jẹ́, EPA6 àti EPA7 á jí, ìwúkàrà náà á sì máa lẹ̀ mọ́ nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ìlẹ̀mọ́ bá wúlò tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìwúkàrà tún fi ń pa á lẹ́nu mọ́?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Lílẹ̀ mọ́ nǹkan kì í dára nígbà gbogbo. Purotéènì tó bá yọ síta lára sẹ́ẹ̀lì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara èèyàn náà lè fi dá a mọ̀. Ẹni tó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ibì kan kò lè lọ síbòmíràn. Ibi tí ìlẹ̀mọ́ ti jẹ́ èrè wà, ibi tó ti jẹ́ àdánù náà wà.

Ìdí kejì ni pé ìdílé jíìnì tó pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń di ṣúgà tó yàtọ̀ díẹ̀ mú, dà bí ìdì kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tí í ki gbogbo kọ́kọ́rọ́ bọ ihò lẹ́ẹ̀kan. Ìparí kírómósómù sì tún jẹ́ ibi tí DNA ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ ju àárín lọ: etí kan ń yá èkejì ní lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni EPA tuntun ṣe ń jáde. Kí a dákẹ́ lórí ohun tí a ṣì ń gbẹ́ lọ́wọ́ bọ́gbọ́n mu. Èrò tèmi ni apá kejì yìí, ó sì bá ohun tí a rí nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ DNA wọn mu.

Kí ló ń jí àwọn jíìnì yìí nígbà tí ìwúkàrà bá wọ ara èèyàn?

Ebi fítámínì ni. Níásínì, ìyẹn fítámínì B3, ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe NAD. Ìwúkàrà búrẹ́dì lè ṣe NAD fúnra rẹ̀ láti inú tryptophan. Glabrata kò lè ṣe é mọ́. Ó ti sọ àwọn jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nù nínú ìran rẹ̀. Ohun tó bá rí gbà láti ìta ló máa lò: níásínì tàbí àwọn ìbátan rẹ̀.

Ẹ wá tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ. Ìwúkàrà wọ inú àpò ìtọ̀. Níásínì tó rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. NAD inú sẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀. Sir2 tó ń ná NAD kò rí ná mọ́, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Acetyl padà sórí hísítóònì, wíwé dẹ̀, EPA6 la ẹnu, purotéènì ìlẹ̀mọ́ yọ síta, ìwúkàrà lẹ̀ mọ́ ògiri àpò ìtọ̀. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí jíìnì náà pé ìtọ̀ ló wà yìí o. Ebi ni ìròyìn náà.

Àwọn tó ń bá Brendan Cormack ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Johns Hopkins ló tẹ èyí jáde ní 2005. Wọ́n fi eku ṣe é, wọ́n sì fi hàn pé àwọn EPA tó máa ń dákẹ́ ń fọhùn nínú àrùn ọ̀nà ìtọ̀, àti pé àìtó níásínì ni àmì tó ń jí wọn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé àléébù ló di irinṣẹ́. Ìwúkàrà tó sọ agbára láti ṣe fítámínì nù wá ń fi àìní náà mọ ibi tí òun wà. Ìbátan rẹ̀ tó ṣì lè ṣe NAD fúnra rẹ̀ kò lè rí àmì yẹn gbà lọ́nà kan náà, nítorí ebi náà kì í pa á.

Ṣé kí ẹni tó ní àrùn ọ̀nà ìtọ̀ máa mu níásínì nígbà náà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ẹ kà níbí. Ohun tí wọ́n rí nínú eku àti nínú àwo láàbù kò tíì di ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ àrùn ọ̀nà ìtọ̀ ló jẹ́ pé bakitéríà ló fà á, ìyẹn kò sì ní í ṣe pẹ̀lú EPA rárá. Níásínì tó pọ̀ jù lè ṣe ẹ̀dọ̀ lọ́ṣẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Níásínì àti nicotinamide jọ ń jẹ́ fítámínì B3, ṣùgbọ́n nicotinamide ni ìgbẹ́ tí Sir2 ń ṣu lẹ́yìn tó bá ti jẹ NAD tán, tó bá sì pọ̀ jù, ó ń dí Sir2 lọ́wọ́. Ọ̀kan lè ran ìdákẹ́ lọ́wọ́, kí èkejì sì ba á jẹ́. Dókítà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Ṣé gbogbo etí 26 náà ń dákẹ́ lọ́nà kan náà?

Rárá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Ní ọ̀pọ̀ etí tí wọ́n ti yẹ̀ wò, bí yKu70 tàbí yKu80 bá kúrò, ìdákẹ́ á túká. Ṣùgbọ́n ní etí ọ̀tún kírómósómù E, níbi tí EPA1, EPA2 àti EPA3 ti tò tẹ̀ lé ara wọn, ìdákẹ́ ń dúró bí yKu kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹyọ DNA kan tó wà láàárín EPA3 àti tẹ́lómíà ló ń fún un lókun. Sil2126 ni orúkọ rẹ̀.

EPA1 gan-an wà ní ìpẹ̀kun ibi tí ìdákẹ́ ń dé, ìyẹn sì bá a mu pé òun ló rọrùn jù láti fọhùn láàbù. Nítorí náà, tí ẹ bá ka ìwé kan tó sọ pé báyìí ni ìparí kírómósómù glabrata ṣe rí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé etí wo ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ṣé ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀yà glabrata kan bá gbogbo rẹ̀ mu?

Kò bá gbogbo rẹ̀ mu. Iye EPA yàtọ̀ láti ẹ̀yà kan sí èkejì. Wọ́n tún ti rí àwọn glabrata tó ti ara aláìsàn wá tí lẹ́tà SIR3 wọn yàtọ̀ díẹ̀, tí ìdákẹ́ wọn kò sì le tó ti ẹ̀yà tí láàbù ń lò. Irú àwọn yẹn ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ju bí ẹ ṣe rò lọ, láìsí pé níásínì wọ́n wọn.

Kì í ṣe Sir nìkan ló ń pinnu náà. Wọ́n ti rí i pé àwọn èròjà tí wọ́n fi ń pa nǹkan mọ́ kó má baà tètè bàjẹ́, bíi sorbate àti paraben tó máa ń wà nínú àwọn nǹkan ìpara kan, lè jí EPA6 ní ọ̀nà mìíràn tó gba ọwọ́ purotéènì Flo8 àti Mss11. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ó ṣì kù kí ẹnì kan wọlé.

Candida albicans náà ńkọ́?

Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Kò ní Sir3. Sir3 jẹ́ ẹ̀dà tó jáde lára jíìnì mìíràn, ORC1, nígbà tí bàbá ńlá ìwúkàrà búrẹ́dì àti glabrata sọ gbogbo kírómósómù rẹ̀ di méjì-méjì. Ìran albicans ti yà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ó ní Sir2 ní tirẹ̀, Sir2 yẹn sì ń ṣiṣẹ́ ní ìparí kírómósómù rẹ̀.

Àwọn jíìnì tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni TLO. Wọ́n tó 14 nínú ẹ̀yà tí ọ̀pọ̀ láàbù ń lò, nígbà tí ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, Candida dubliniensis, tí kì í sábà fa àrùn tó bẹ́ẹ̀, ní méjì péré. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní etí kírómósómù albicans kò jọ ìdákẹ́ pátápátá. Ó jọ ohùn tó ń lọ sókè-sódò: nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà lórí àwo kan náà, ọ̀kan ń pariwo TLO, èkejì ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àwọn olú afàrùn yòókù?

Cryptococcus neoformans, tó ń fa àrùn awọ ọpọlọ, kò lo ọ̀nà Sir bíi ti glabrata. Àmì mìíràn ló ń fi sára hísítóònì H3, ní ojú kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó sì kó àmì yẹn jọ sí ìparí kírómósómù 14 tó ní. Ọ̀nà yìí jọ ti ẹranko àti ti ewéko ju ti ìwúkàrà búrẹ́dì lọ. Ìwúkàrà búrẹ́dì kò tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi àmì yẹn sí i. Tí wọ́n bá ba purotéènì tó ń ka àmì náà jẹ́, àmì á kó kúrò ní etí, á lọ sí àárín kírómósómù níbi tí kò yẹ kó wà.

Candida auris, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 2009 láti inú etí aláìsàn kan ní Japan, ní àwọn jíìnì ìlẹ̀mọ́ tirẹ̀ ní ìparí kírómósómù. Ó ní ìdílé kan tó jẹ́ pé etí èèyàn ni wọ́n ti ń rí i jù, tí kì í sì í sábà fa àjàkálẹ̀ nílé ìwòsàn. Ìdílé yẹn ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú jíìnì etí kírómósómù wọ̀nyẹn. Bóyá nítorí ìyẹn ni kì í fi í tàn, ó ṣì yẹ kí a fi sùúrù wò ó.

Ibà àti àrùn oorun pàápàá kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò wọn kì í ṣe olú. Kòkòrò ibà, Plasmodium falciparum, ní jíìnì var tó tó 60, ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìparí kírómósómù, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kòkòrò àrùn oorun ń ṣe bákan náà pẹ̀lú aṣọ tó ń pààrọ̀ lára rẹ̀. Ìran tó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí i pé ìparí kírómósómù ni ibi tó dára láti kó ohun tí a ń pààrọ̀ sí.

Ṣé ìdákẹ́ yìí ló fà á tí oògùn kì í fi í ran glabrata?

Kì í ṣe òun gan-an. Fluconazole, oògùn olú kan, kì í tètè ran glabrata nítorí pé ó ń fi purotéènì bíi Cdr1 gbọ́n oògùn náà síta, Pdr1 ló sì ń pàṣẹ fún un. Àyípadà lẹ́tà nínú jíìnì PDR1 ló sábà máa ń mú un le koko. Fún oògùn ìdílé echinocandin, àyípadà nínú FKS1 àti FKS2 ni.

Ṣùgbọ́n ìbátan Sir2 kan wà tó ń jẹ́ Hst1. Òun náà ń ná NAD, òun náà ń já acetyl, àmọ́ jíìnì kọ̀ọ̀kan ló ń lọ bá, kì í tẹ́ ara rẹ̀ káàkiri etí kírómósómù. Ó ń dá àwọn jíìnì tó ń fa níásínì wọlé dúró, ó sì ní ọwọ́ nínú PDR1. Glabrata tí kò ní HST1 ń fara da fluconazole ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé àpò NAD kan náà ló tún dé ibí yìí. Àìtó níásínì kò mọ sí ìlẹ̀mọ́ nìkan.

Báwo ni ìdákẹ́ ṣe yàtọ̀ sí àyípadà lẹ́tà DNA, bí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì bá lè jogún méjèèjì?

Àyípadà lẹ́tà kì í sábà padà sẹ́yìn. Ìdákẹ́ ń padà, ó sì ń padà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà bí oúnjẹ bá yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jogún rẹ̀ náà yàtọ̀: nígbà tí DNA bá di méjì, àwọn hísítóònì àtijọ́ á pín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Sir tó wà lára wọn á sì pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá tún àyè tó ṣófo ṣe.

Ìdẹkùn tó wà níbẹ̀ ni ti àyẹ̀wò. Ẹni tó bá gba glabrata lára aláìsàn, tó gbìn ín sórí àwo tó kún fún níásínì, tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá EPA6 ń ṣiṣẹ́, á rí i pé ó dákẹ́. Ìwúkàrà náà ti jẹun yó lórí àwo yẹn, ohun tó ń ṣe nínú aláìsàn kọ́ ló ń ṣe mọ́. Ọ̀pọ̀ èsì tó ń ta ko ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ inú àwo ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Báwo ni èmi náà ṣe lè dán ìdákẹ́ wò nínú láàbù?

Jíìnì URA3 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá tẹ́lómíà nínú ẹ̀yà tí kò ní URA3 mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì tí URA3 rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lè hù lórí àwo tí kò ní uracil, ṣùgbọ́n á kú lórí àwo tó ní 5-FOA, torí URA3 ló ń sọ 5-FOA di májèlé. Èyí tí URA3 rẹ̀ dákẹ́ á yè lórí 5-FOA. Ẹ fi omi la sẹ́ẹ̀lì náà ní ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ kán an sílẹ̀ ní ìlà lórí àwo méjèèjì, kí ẹ ka iye tó hù.

Ẹ má ṣe gbára lé 5-FOA nìkan. Ó máa ń da ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà ṣe àwọn èròjà DNA rú, ó sì ti tan àwọn èèyàn jẹ rí nínú ìwúkàrà búrẹ́dì: àwọn ẹ̀yà kan yè lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ìdákẹ́ wọn pọ̀ sí i. Ẹ wọn RNA jíìnì náà fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ fi purotéènì aláwọ̀ ewé tó ń tàn, GFP, dípò URA3, kí ẹ lè rí i sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì. Ẹ sì máa fi ẹ̀yà tí SIR3 rẹ̀ ti bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí gbogbo àwo, kí ẹ mọ bí ẹnu tó là pátápátá ṣe rí.

Kí ló dé tí kíka lẹ́tà DNA ìparí kírómósómù fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ ń gé DNA sí wẹ́wẹ́, ó ń ka wẹ́wẹ́ náà, kọ̀ǹpútà á wá tò wọ́n pọ̀. Ní ìparí kírómósómù, wẹ́wẹ́ tó ti etí kan wá jọ èyí tó ti etí mẹ́wàá mìíràn wá. EPA jọ EPA, nínú EPA kan náà sì ni lẹ́tà kan náà ti ń tún ara rẹ̀ kọ. Kọ̀ǹpútà á sọ jíìnì mẹ́ta di ọ̀kan, tàbí kó já etí náà sílẹ̀ láìparí.

Àkọ́kọ́ ìwé DNA glabrata jáde ní 2004, ó sì ní àlàfo ní ọ̀pọ̀ etí. Ẹ̀rọ tó ń ka okùn gígùn lẹ́ẹ̀kan ló wá dí púpọ̀ nínú àlàfo yẹn, àwọn jíìnì ìlẹ̀mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ sì yọjú. Tí ìwé tí ẹ ń kà bá ti pẹ́, ẹ má fọkàn tán iye EPA tó wà nínú rẹ̀.

Ṣé a lè ṣe oògùn tó máa mú kí àwọn jíìnì yìí dákẹ́ títí?

Èrò náà dára, ọ̀nà rẹ̀ ló ní gbóńgbó. Èèyàn náà ní ìbátan Sir2, méje ni wọ́n, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ pàtàkì. Oògùn tó bá fi ọwọ́ kan ti ìwúkàrà gbọ́dọ̀ fi tiwa sílẹ̀. Sir3 kò sí lára èèyàn, nítorí náà òun ni ojú mi wà lára rẹ̀. Àmọ́ mímú purotéènì ṣiṣẹ́ sí i le ju dídí i lọ́wọ́ lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí a gba EPA fúnra rẹ̀ mú: kí a fi ṣúgà tó jọ ti orí sẹ́ẹ̀lì dí ẹnu rẹ̀, kó má baà rí ti ara èèyàn dì mú. Ìyẹn kì í pa ìwúkàrà, ó kàn ń jẹ́ kí ìtọ̀ gbé e lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé EPA pọ̀, ṣúgà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn sì yàtọ̀.

Ní ti dídí àwọn ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́, iṣẹ́ kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé C. albicans kò lè gbé láìsí ìbátan Sir2 kan tó ń jẹ́ Hst3, àti pé nicotinamide tó pọ̀ lè fi ibẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n tí a bá mú ọ̀nà kan náà lọ bá glabrata, Sir2 náà á rọ, EPA6 á jí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ó gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú Candida ló wà lára onítọ̀hún.